Matt Talbot: Ẹni Tí Ó Ṣèlérí Oṣù Mẹ́ta



Òní ni Ọjọ́ Àìkú Kẹta nínú Lẹ́ńtì. Eérú tí a fi sàmì sí iwájú orí wa ní Ọjọ́rú Eléérú ti nù kúrò tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ìlérí tí a ṣe lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹlòmíràn nínú yín ti ṣèlérí pé òun kò ní fi ẹnu kan ọtí títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹlòmíràn sọ pé lálaalẹ́ ni òun yóò máa kó àwọn ọmọ òun jọ láti ka Rosárì. Ẹlòmíràn sì pinnu pé òun yóò bá ọmọ ìyá òun parí ìjà tí ó ti wà láàárín wọn láti ọdún pípẹ́ wá. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dùn ún ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní báyìí, ó ti rẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Àwọn kan ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń wí nínú ọkàn wọn pé kò sí ohun tí ó kù mọ́, pé ó di Lẹ́ńtì ọdún tí ń bọ̀.

Nítorí ìwọ tí o wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan lónìí. Ọkùnrin yìí kì í ṣe Póòpù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ oyè àlùfáà, kò sì gbé ní ilé àwọn mọ́ńkì. Lébìrà ni, ẹni tí ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun. Ó sì tún jẹ́ ọ̀mùtí paraku fún ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Matt Talbot ni orúkọ rẹ̀.

A bí Matt Talbot ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1856 ní ìlú Dublin, tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Áyálándì. Òun ni ọmọ kejì nínú ọmọ méjìlá tí Charles Talbot àti Elizabeth aya rẹ̀ bí. Òtòṣì ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n ọtí a máa jẹ púpọ̀ nínú owó tí ó bá gbà. Ilé tí wọn ń gbé kì í pẹ́ kí wọ́n tó kó kúrò nínú rẹ̀ lọ sí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti rí nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá wà nínú ilé, tí bàbá sì ń mu owó oúnjẹ, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú ìyà tí ìyá wọn jẹ.

Ìwé tí Matt kà kò tó nǹkan. Ìgbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ láti wá iṣẹ́ ṣe. Ibi tí ó sì ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń rọ ọtí sínú ìgò. Bí a bá fi ọmọdé ṣọ́ ọtí, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò, nígbà tí yóò sì fi lo ọdún kan níbẹ̀, ó ti di ẹni tí ń mutí yó wá sílé. Bàbá rẹ̀ nà án, ó sì mú un lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ ní èbúté kí ó lè máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọtí líle wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ di lébìrà fún àwọn bíríkìlà, tí ó ń ru bíríkì àti àpòrọ́ lọ fún wọn lórí àkàbà.

Kí a má ṣe ṣì í mọ̀ o, Matt kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ kára ni, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo owó tí ó bá gbà ní ọjọ́ Sátidé ni ó ń kó lọ sí ilé ọtí. Nígbà tí owó bá tán, a máa fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dógò nítorí ọtí. Nígbà kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jí gòjé afọ́jú kan gbé, ẹni tí ń ta á kiri láti fi rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ mutí. Mísà ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó kù nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti gba Kómúníọ̀ Mímọ́ gbẹ̀yìn.

Báyìí ni ọ̀ràn náà rí títí di ọdún 1884, nígbà tí Matt jẹ́ ẹni ọdún 28. Ní ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ní owó kankan lọ́wọ́ nígbà tí Sátidé dé. Ó lọ dúró sí igun òpópó kan nítòsí ilé ọtí, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò gbà kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba owó iṣẹ́ wọn. Ó dá a lójú pé wọn yóò pè é, nítorí pé òun náà ti ra ọtí fún wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n dé lóòótọ́, ní méjìméjì àti ní mẹ́tamẹ́ta. Wọ́n kí i, wọ́n sì kọjá. Kò sí ẹni tí ó pè é wọlé.

Ọ̀rẹ́ ìdí ọtí, ibi tí owó bá tán sí ni ó ń parí sí. Ọ̀ràn náà dun Matt dé inú egungun. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì gba ilé lọ. Ẹnu ya ìyá rẹ̀ láti rí i pé ó tètè wọlé, tí ojú rẹ̀ sì dá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mutí mọ́. Obìnrin ọlọ́gbọ́n ni ìyá náà. Ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe lọ bí kò bá ní í lọ́kàn láti mú un ṣẹ, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn ni ó ń lọ bá ṣe àdéhùn, bí kò ṣe Ọlọ́run.

Matt lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tí ń bẹ ní Clonliffe. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà kan níbẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹ fi etí sí èyí dáradára: kò jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé. Oṣù mẹ́ta péré ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, ó gba Kómúníọ̀ Mímọ́.

Ẹ̀yin ará, bí mo bá sọ fún yín pé láti ọjọ́ náà lọ ohun gbogbo rọrùn, irọ́ ni mo pa. Oṣù mẹ́ta náà korò bí ewúro. Òǹgbẹ ọtí ń gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó tilẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí oṣù mẹ́ta náà bá ti pé, òun yóò padà sí ìdí ọtí. Ìṣòro rẹ̀ tí ó tóbi jù ni àkókò tí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́. Níbo ni yóò lọ? Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ wà ní ilé ọtí. Kí ni ó ṣe? Ó ń rìn káàkiri ìlú, bí ó bá sì ti rí ilé ìjọsìn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a wọlé, a sì jókòó níwájú Sákráméńtì Mímọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní àkọ́kọ́, kò mọ àdúrà púpọ̀ tí ó lè gbà. Ó ṣáà jókòó síbẹ̀ nítorí pé kò sí ọtí níbẹ̀.

Ìdánwò kò sì jìnnà. Ní ọjọ́ kan láàárín ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọ ilé ọtí kan pẹ̀lú owó lápò. Ó dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta ọtí ń dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn, wọn kò kọbi ara sí i. Ó bínú jáde, ó sì wọ inú ilé ìjọsìn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun kò ní máa fi owó sí àpò mọ́ bí òun bá ń jáde. Ó mọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé owó tí ó wà lápò kò ní jẹ́ kí òun gbádùn.

Oṣù mẹ́ta pé. Kò padà sí ìdí ọtí. Ó lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ oṣù mẹ́fà. Nígbà tí èyí náà pé, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ó lò lẹ́yìn náà, kò sì fi ẹnu kan ọtí mọ́ títí ó fi kú. Òwe wa sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń ba oko jẹ́ ni Matt fi tún ayé rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ó lọ káàkiri àwọn ilé ọtí láti san gbèsè tí ó jẹ wọn. Ó wá afọ́jú tí wọ́n jí gòjé rẹ̀ gbé kiri gbogbo Dublin fún ọdún púpọ̀ kí ó lè sanwó fún un. Nígbà tí kò rí i, ó fi owó náà bẹ̀bẹ̀ Mísà fún ọkàn rẹ̀. Ó fi tábà mímu sílẹ̀ pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé tábà le fún òun láti fi sílẹ̀ ju ọtí lọ.

Láràárọ̀ ni ó ń lọ sí Mísà agogo márùn-ún kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sún Mísà náà síwájú, tí kò fi bá àkókò iṣẹ́ rẹ̀ mu mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ṣe ni kí a sọ pé Ọlọ́run mọ ọkàn wa, kí a sì dẹ́kun lílọ. Matt wá iṣẹ́ mìíràn tí kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọgbà tí wọ́n ti ń ta pákó ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ọdún 1890, ó wọ Ẹgbẹ́ Kẹta ti Fransisi Mímọ́. Ẹni tí kò mọ ìwé púpọ̀ yìí tún fi sùúrù kọ́ bí a ti ń kàwé dáradára. Ó ka Bíbélì, ó ka ìwé Ọ̀gọsítínì Mímọ́, ó ka ìtàn àwọn Ẹni Mímọ́. Ibi tí kò bá yé e, a kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, a sì lọ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà.

Ààwẹ̀ rẹ̀ kò mọ sí Lẹ́ńtì nìkan. Ṣùgbọ́n bí Lẹ́ńtì bá dé, a tún fi kún un: búrẹ́dì gbígbẹ àti kòkó tí kò ní mílíìkì tí kò sì ní ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó ń sùn lórí pákó, ìtì igi ni ó sì fi ṣe ìrọ̀rí. A máa jí ní òru láti gbàdúrà. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Matt sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1915. Owó tí ó bá kù lẹ́yìn tí ó bá ti san owó ilé àti ti oúnjẹ díẹ̀ tí ń jẹ, àwọn tálákà ni ó ń fún, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ọmọ púpọ̀, àti àwọn míṣọ́nnárì tí ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹ rántí pé láti ilẹ̀ Áyálándì kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn Fáda tí ó wàásù fún àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yorùbá ti wá. Owó kékeré tí irú àwọn lébìrà bẹ́ẹ̀ ń dá ni a fi ń rán wọn jáde.

Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé kì í fajú ro. A máa rẹ́rìn-ín, a máa ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ Jésù búra, a ṣí fìlà rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, onítọ̀hún a sì dákẹ́. Wọ́n mọ̀ pé olùfọkànsìn ni. Bí ìfọkànsìn náà ti jinlẹ̀ tó ni wọn kò mọ̀.

Ní ọdún 1923, àìsàn ọkàn kọlù ú, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó padà sí ẹnu iṣẹ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1925, tí í ṣe Ọjọ́ Àìkú Mẹ́talọ́kan Mímọ́, ó ń lọ sí Mísà ní ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkì. Ó ṣubú ní ojú ọ̀nà tóóró kan tí a ń pè ní Granby Lane, ó sì kú síbẹ̀. Ẹni ọdún 69 ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé ilé ìwòsàn tí wọ́n sì bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n rí ẹ̀wọ̀n irin lára rẹ̀. Ó ti fi wọ́n ṣe àmì pé ẹrú Jésù nípasẹ̀ Màríà Wúndíá ni òun, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Louis Marie de Montfort Mímọ́. Báyìí ni ohun tí ó fi pa mọ́ ṣe hàn sí gbogbo ayé.

Ní ọdún 1972, wọ́n gbé òkú rẹ̀ kúrò ní ibojì Glasnevin wá sí ilé ìjọsìn Ìyá Wa ti Lourdes ní Dublin. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1975, Póòpù Paulu Kẹfà fún un ní orúkọ Ẹni Ọ̀wọ̀. Afárá kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 lórí odò Liffey ní Dublin, Talbot ni orúkọ rẹ̀. Lébìrà tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí omi ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá.

Ìwọ ará mi tí o ń ka ìwé yìí, kí ni èyí kàn ọ́?

Lọ́nà kìn-ín-ní, kì í ṣe pákó àti ẹ̀wọ̀n ni mo ní kí o lọ wá. Ìyẹn jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ dá ṣe láìgba ìmọ̀ràn àlùfáà tí ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ wa. Ààwẹ̀ tí Ìjọ Mímọ́ fi òfin lé wa lórí kò pọ̀: Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Èyí tí ó kù, ìwọ ni o fi ẹnu ara rẹ ṣèlérí rẹ̀. Bí ẹrù tí o dì bá wúwo jù, má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ nù. Tú u, kí o sì gbé ìwọ̀n tí o lè rù. Bí odindi Rosárì kò bá ṣeé ṣe lálaalẹ́, ka ọ̀wọ́ mẹ́wàá kan, ṣùgbọ́n kí o kà á láìyẹ̀. Matt kò dá ogójì ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ dá.

Lọ́nà kejì, mọ ibi tí ọ̀tá ń gbà wọlé sí ọ. Ti Matt ni owó inú àpò. Tìrẹ ńkọ́? Bóyá ọ̀nà tí o máa ń gbà lọ sílé ni, nítorí ilé ọtí tí ó wà níbẹ̀. Bóyá ọ̀rẹ́ kan ni, tí ọ̀rọ̀ yín kì í tán láìba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Má ṣe dúró bá ìdánwò jiyàn. Gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Lọ́nà kẹta, àyè tí o bá gbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, má ṣe fi í sílẹ̀ lófìfo. Wákàtí tí Matt kò lò ní ilé ọtí mọ́, iwájú Sákráméńtì Mímọ́ ni ó ti lò ó. Ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wa náà ń ṣí. Bí o kò bá tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ, wá jókòó. Olúwa kò ní lé ọ jáde. Owó oúnjẹ tí o kò jẹ nítorí ààwẹ̀, kò gbọdọ̀ padà sínú àpò rẹ. Ti tálákà tí ó wà ní àdúgbò rẹ ni. Bí o bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, san án. Bí o bá ti fi ọwọ́ rẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kan, wá onítọ̀hún lọ, kí o tó máa pe ara rẹ ní ẹni tí ó gba ààwẹ̀.

Lọ́nà kẹrin, bí o bá ṣubú, dìde. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Wo ẹ̀yìn rẹ, kí o mọ ohun tí ó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí o sì wá sí ìjẹ́wọ́. Èṣù kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ nítorí ìgò ọtí kan tí o mu ní ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì. Ohun tí ó ń dúró dè ni kí o sọ pé níwọ̀n ìgbà tí o ti mu ọ̀kan, kí o kúkú máa mu ún lọ. Ìrètí tí o bá sọ nù ni èrè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé nínú àwọn tí yóò mú ìwé yìí lọ sílé lónìí, ìyàwó kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń mutí, ìyá kan sì wà tí ọmọ rẹ̀ ti di ohun ẹ̀sín fún àdúgbò. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá Matt fi rí ọmọ rẹ̀ nínú ìdọ̀tí. Kò lé e jáde, kò sì dẹ́kun àdúrà. Ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, láìròtẹ́lẹ̀, ọmọ náà tètè wọlé, ojú rẹ̀ sì dá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó wọ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Kì í ṣe àkókò kékeré, kò sì pọ̀ ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Lónìí, lẹ́yìn Mísà, kí o tó jáde, kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Sọ fún Olúwa ohun tí o ti ṣèlérí, ibi tí o ti kùnà, àti ibi tí ìwọ yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Má ṣe ṣèlérí ju ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Bí Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ bá dé, tún padà wá, kí o sì ṣèlérí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Kí Olúwa, tí ó gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ní aginjù nítorí wa, fi oore-ọ̀fẹ́ ìfaradà fún olúkúlùkù wa. Kí Màríà Wúndíá, Ìyá Ìrora, dúró tì wá ní ẹsẹ̀ Àgbélébùú, títí òwúrọ̀ Àjíǹde yóò fi mọ́. Àmín.